Kí Ló Dé Tí Bàbá Fi Dẹ́kun Ìrìn Ìdájí?

Ìbéèrè: Ẹni ọdún 72 ni bàbá wa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, Òkè-Baálẹ̀ ni a sì ń gbé ní Òṣogbo. Nígbà tí dókítà rí i pé ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, tí orúnkún sì ń dùn wọ́n, ó ní kí wọ́n máa rìn lójoojúmọ́. Àwa ọmọ ra bàtà kánfáàsì fún wọn, ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Kánádà sì fi aago ọwọ́ tó ń ka ìṣísẹ̀ ránṣẹ́. Oṣù kìíní ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń bá Àlàájì kan tó jẹ́ aládùúgbò wa lọ sí pápá ìṣeré ní ìdájí, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n dáwọ́ dúró. (Àlàájì náà ti lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ ní Èkó báyìí.) Bí a bá ti dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, wọn a ní, "Arúgbó ni mí, ẹ fi mí sílẹ̀." Bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ àǹfààní rẹ̀ ju èmi gan-an lọ, nítorí wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ẹ̀kọ́ ìlera rí. Kí ló wà nínú ọkàn àgbàlagbà tó ń mú kí ó tẹ̀síwájú tàbí kí ó jáwọ́, kí sì ni kí a ṣe?

Ìdáhùn: Gbólóhùn kan wà nínú lẹ́tà yín tí mo fẹ́ kí a ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, èyí tí ẹ fi sọ pé Bàbá mọ àǹfààní eré ìdárayá ju ẹ̀yin gan-an lọ. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ fisiotẹ́rápì, ìyẹn ìtọ́jú iṣan àti oríkèé ara, ní ìlú Òṣogbo yìí, àwọn àgbàlagbà tí mo sì rí tí ó jẹ́ pé àìmọ̀ ló mú wọn jáwọ́ kò kún ọwọ́ kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lè ka gbogbo ohun tí ìrìn ń ṣe fún ọkàn, fún ẹ̀jẹ̀ àti fún oríkèé ara bí ẹni ń ki oríkì, síbẹ̀ kí wọ́n jókòó sílé. Nítorí náà, gbogbo ìwàásù tí ẹ̀yin ọmọ ń ṣe fún wọn lórí ewu ẹ̀jẹ̀ ríru, apẹ̀rẹ̀ ni ẹ fi ń pọn omi.

Ìbẹ̀rẹ̀ àti ìtẹ̀síwájú kì í ṣe iṣẹ́ kan náà nínú ọkàn ènìyàn. Ìrètí ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni ó ń mú wa bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń mú wa tẹ̀síwájú ni bí nǹkan náà ṣe rí lára wa nígbà tí a ń ṣe é, àti ohun tí ó ń sọ fún wa lójoojúmọ́ nípa irú ẹni tí a jẹ́. Ó ti pẹ́ tí àwọn olùwádìí ilẹ̀ òkèèrè ti ń rí i pé bí ènìyàn mẹ́wàá bá bẹ̀rẹ̀ ètò eré ìdárayá, nǹkan bí márùn-ún nínú wọn ni yóò ti fi í sílẹ̀ kí oṣù mẹ́fà tó pé. Bàbá yín kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn kò sì ṣe ohun àjèjì. Ohun kan ló ṣẹlẹ̀ sí ọkàn wọn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn, òun sì ni kí a wá.

Ní ọdún 1977, Albert Bandura, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ohun kan tí mo lè pè ní ìdánilójú agbára ara ẹni. Kì í ṣe iye agbára tí ó wà nínú iṣan ènìyàn ni ó ń sọ, bí kò ṣe bí ó ṣe dá ẹni náà lójú tó pé òun lè ṣe ohun kan pàtó nígbà tí ìṣòro kan pàtó bá dé. Bí mo bá bi Bàbá yín pé ṣé ìrìn dára, wọn a ní ó dára. Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì ni pé: ṣé ó dá wọn lójú pé wọ́n lè jáde ní òwúrọ̀ tí orúnkún bá ń ta wọ́n, ní òwúrọ̀ tí òjò bá ti rọ̀, ní òwúrọ̀ tí kò sí ẹni tí yóò bá wọn lọ? Nínú gbogbo ohun inú ọkàn tí a ti yẹ̀ wò lára àwọn àgbàlagbà, ìdánilójú yìí wà lára àwọn tó máa ń sọ òótọ́ jù lọ nípa ẹni tí yóò dúró àti ẹni tí yóò lọ. Bandura ní ibi mẹ́rin ni ó ti ń sun wá: ohun tí a ti ṣe rí tí ó sì yọrí sí rere, ẹgbẹ́ wa tí a rí tí ó ń ṣe é, ọ̀rọ̀ ìṣírí láti ẹnu ẹni tí a gbẹ́kẹ̀ lé, àti ìtumọ̀ tí a fún ohun tí ara wa ń ṣe lásìkò náà.

Ẹ wá jẹ́ kí a mú gbogbo èyí dé pápá ìṣeré. Ní ìdájí, àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ń sáré kọjá bí ọfà, àwọn obìnrin tó fẹ́ fọn sì ń jó sí orin tí ariwo rẹ̀ ń mi ilẹ̀. Bàbá yín ń bọ̀ lẹ́yìn, orúnkún ọ̀tún ń fà díẹ̀. Ta ni wọ́n ń fi ara wọn wé? Bí kò bá sí ẹni ọdún 70 mìíràn nítòsí, àwọn ọmọ ogún ọdún wọ̀nyẹn ni ojú wọn yóò máa bá lọ, kò sì sí bí àgbàlagbà yóò ṣe fi ara rẹ̀ wé ọmọ ogún ọdún ní gbogbo òwúrọ̀ tí ọkàn rẹ̀ kò ní rẹ̀wẹ̀sì.

Aago ọwọ́ yẹn náà tún wà níbẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú pé 10,000 ìṣísẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n yín fi sí i, nítorí iye tí ọ̀pọ̀ irú aago bẹ́ẹ̀ máa ń gbé wá láti ilé-iṣẹ́ nìyẹn. Kì í ṣe ọwọ́ dókítà kankan ni iye yìí ti jáde. Ní ọdún 1965, lẹ́yìn ìdíje Òlíńpíìkì tó wáyé ní Tokyo, ilé-iṣẹ́ kan ní Japan ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ka ìṣísẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Manpo-kei, tí ó túmọ̀ sí òǹkà ẹgbàárùn-ún ìṣísẹ̀. Orúkọ ọjà ni, ó sì dùn lẹ́nu. Nígbà tí àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà wá ka ìṣísẹ̀ àwọn àgbàlagbà obìnrin tí wọ́n lé ní 16,000, tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ nǹkan bí 72 ní ìpíndọ́gba, àbájáde tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 2019 fi hàn pé àwọn tí ń rin nǹkan bí 4,400 ìṣísẹ̀ lójúmọ́ kò kú tó àwọn tí ń rin nǹkan bí 2,700, àti pé lẹ́yìn nǹkan bí 7,500, àfikún ìṣísẹ̀ kò mú àfikún àǹfààní kan gbòógì wá mọ́. Bàbá yín lè ti rin 5,000 ní òwúrọ̀ kan, kí ara wọn sì ti jèrè rẹ̀, síbẹ̀ kí aago náà sọ fún wọn ní alẹ́ pé wọ́n fìdí rẹmi. Olùkọ́ ni wọ́n. Wọ́n mọ ohun tí máàkì ìdajì ń ṣe fún ọmọ tó ti ṣe ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹ bọ́ aago náà kúrò lọ́wọ́ wọn, tàbí kí ẹ dín iye rẹ̀ kù sí ohun tí wọn yóò lè borí nínú ọjọ́ márùn-ún láàárín méje.

Ìtumọ̀ tí wọ́n ń fún ohun tí ara wọn ń ṣe ni ó ń kọ mí lóminú jù. Ẹni tí a ti sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, bí àyà rẹ̀ bá ń lù kìkì nígbà tí ó ń gun òkè, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé, "Ó ti dé." Yóò dúró, àyà náà yóò rọlẹ̀, yóò sì gbà pé dídúró ló gba òun là. Ní ọjọ́ kejì, yóò dúró kí ó tó dé ibi tó dé lánàá. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n gba ọ̀nà yìí padà sórí àga láìsí ẹni tí ó mọ̀, nítorí ojú ń tì wọ́n láti sọ pé ẹ̀rù ń ba àwọn. Ohun tí ó yẹ kí dókítà tàbí irú wa ti sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé kí àyà yára díẹ̀, kí èémí sì wúwo díẹ̀, iṣẹ́ tí a rán ara ni ara ń jẹ́. Bí wọ́n bá lè máa bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí wọn kò lè kọrin, ìwọ̀n rẹ̀ dára. Bí àyà bá ń dùn wọ́n tàbí tí ó ń há bí ẹni pé wọ́n gbé ẹrù lé e, bí òòyì bá ń kọ́ wọn, bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá ṣàdédé kọ̀ṣẹ́, nígbà náà ni kí wọ́n dúró, kí ẹ sì gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn láìfi falẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì ni ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀ láti rìn.

"Arúgbó ni mí" tí wọ́n ń sọ kì í ṣe àwáwí lásán. Ìgbàgbọ́ ni, ìgbàgbọ́ sì ń ṣiṣẹ́ nínú ara. Becca Levy ti Yunifásítì Yale àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 2002 lórí àwọn ènìyàn 660 ní ìpínlẹ̀ Ohio, tí wọ́n ti pé 50 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí a bi wọ́n léèrè èrò wọn nípa ọjọ́ ogbó tiwọn. Nígbà tí a wo iye ọdún tí oníkálukú lò láyé lẹ́yìn náà, àwọn tó ní èrò rere fi ọdún méje ààbọ̀ pẹ́ láyé ju àwọn tí èrò wọn kò dára. Ẹni tó bá gbà pé ọjọ́ orí ló ń dùn ún lórúnkún kò ní wá oògùn sí i, torí kò sí ẹni tó lè dá ọjọ́ orí padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbà pé iṣan itan òun ló ti rọ torí ìjókòó, ó mọ ohun tí òun lè ṣe. Ní ọdún 1990, ní ìlú Boston, dókítà Maria Fiatarone àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn arúgbó mẹ́wàá tó wà ní ilé ìtọ́jú, tí ọjọ́ orí wọn tó nǹkan bí 90 ọdún, ní ẹrù tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Agbára ẹsẹ̀ àwọn tó ṣe é parí di ìlọ́po méjì ó lé. Ẹ ka èyí fún Bàbá. Olùkọ́ kì í kọ ẹ̀rí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kan ẹ̀yin ọmọ náà lára. Ní ilẹ̀ wa, a máa ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ, àmọ́ a ti sọ ọ̀wọ̀ náà di àga. "Ẹ jókòó, Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e." Àgbà tó bá fẹ́ rìn lọ sí Ọjà-Ọba, a ó pe ọ̀kadà fún un. Àwọn baba wa sì máa ń sọ pé àgbà kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún, bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ló ń lé e. Bàbá tó wọ kánfáàsì funfun, tó ń fi ọwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ lójú títì níṣojú àwọn tó ti kọ́ ní ilé-ìwé rí, lè máa rò pé àwọn tó ń wo òun ń bi ara wọn pé kí ló ń lé Tíṣà. Mo ti rí ẹni tó jẹ́ pé nígbà tó pààrọ̀ kánfáàsì sí bàtà aláwọ̀ tó rọ̀ lẹ́sẹ̀, tó sì wọ bùbá àti ṣòkòtò rẹ̀, ó padà sójú ọ̀nà. Ó ní òun kò ṣe eré ìdárayá mọ́, òun ń na ẹsẹ̀ ni. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rù ìṣubú náà wà níbẹ̀, pàápàá ní àdúgbò tí gọ́tà kò ní ìdérí. Ẹni tí ẹ̀rù ìṣubú ń bà yóò dín ìrìn kù, iṣan rẹ̀ yóò rọ, ìdúró rẹ̀ yóò máa mì, yóò sì túbọ̀ súnmọ́ ìṣubú tó ń sá fún. Ẹ yan ojú ọ̀nà tó tẹ́jú fún wọn, kí ìmọ́lẹ̀ sì ti wà kí wọ́n tó jáde.

Ẹ dákun, ta ló ni ìrìn yẹn? Edward Deci àti Richard Ryan, àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá méjì láti Amẹ́ríkà, ti ń sọ láti àwọn ọdún 1980 pé ohun mẹ́ta ni ọkàn ènìyàn ń béèrè kí ó tó lè fi tọkàntọkàn dúró ti nǹkan: kí ó jẹ́ ìpinnu tirẹ̀, kí ó rí i pé òun mọ̀ ọ́n ṣe, kí ó sì so ó pọ̀ mọ́ àwọn ènìyàn. Dókítà ló pàṣẹ, ọmọ ló ra bàtà, ọmọ ló fi aago ránṣẹ́, ọmọ ló sì ń pè láti Kánádà láti béèrè pé, "Ṣé ẹ ti rìn lónìí?" Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni Bàbá yín fi ń bi ọmọ ọlọ́mọ pé ṣé ó ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Nísinsin yìí, àwọn ni a ń bi. Kò sí baba Yorùbá tí yóò sọ fún yín pé èyí ń dun òun, ṣùgbọ́n "ẹ fi mí sílẹ̀" tí wọ́n ń wí, mo rò pé ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Kàkà kí ẹ pàṣẹ, ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá yín mú ọmọ dé ilé-ìwé ní òwúrọ̀, tàbí kí wọ́n fúnra wọn sọ ohun tí wọ́n fẹ́ràn láti máa ṣe, kí ẹ sì gba ohun tí wọ́n bá mú, ì báà jẹ́ oko ẹ̀yìnkùlé.

Mo fi ọ̀rọ̀ Àlàájì sẹ́yìn nítorí pé òun ni mo kà sí kókó. Inú àkámọ́ ni ẹ kọ ọ́ sí, bí ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì. Ẹ padà lọ wo ọjọ́ tó lọ sí Èkó àti ọjọ́ tí Bàbá dáwọ́ dúró; yóò yà mí lẹ́nu bí wọ́n bá jìnnà síra. Laura Carstensen, tí òun náà wà ní Stanford, ṣàlàyé pé bí ènìyàn bá ti mọ̀ pé ọjọ́ tó kù níwájú òun kò tó èyí tó wà lẹ́yìn, ohun tí ó ń wá a máa yí padà: kì í fi bẹ́ẹ̀ kó nǹkan pamọ́ de ọjọ́ iwájú mọ́, ohun tó nítumọ̀ sí ọkàn rẹ̀ lónìí àti àwọn ènìyàn díẹ̀ tó súnmọ́ ọn ni yóò máa yàn. Ìdí nìyí tí "kí ẹ má baà ní àrùn rọpárọsẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá sí i" kò fi ràn wọ́n. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé Àlàájì ni Bàbá ń lọ bá ní ìdájí, kí ìrìn sì jẹ́ ohun tí wọ́n jọ ń ṣe bí wọ́n ṣe ń tú ọ̀rọ̀ ìlú palẹ̀. Ẹ wo Ìwọ́pópó tí wọ́n fi ń ṣí ọdún Ọ̀ṣun lọ́dọọdún. Mo mọ àwọn àgbà tó sọ fún mi ní yàrá ìtọ́jú pé àwọn kò lè rìn dé ìkòríta, tí mo sì rí láàárín èrò tó ń tẹ̀lé Àtáọ́jà lójú pópó, tí ìlù ń gbé ẹsẹ̀ wọn. Orúnkún kan náà ni wọ́n gbé wá síbẹ̀.

Ẹ wò ó dáadáa bóyá kì í ṣe ìrìn nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀. Bí oorun bá ti dà wọ́n láàmú, tí oúnjẹ kò wù wọ́n, tí wọn kò gbọ́ ìròyìn lórí rédíò mọ́, tí èyí sì ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ó lè jẹ́ àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, tí a máa ń pè ní ọjọ́ ogbó láìyẹ. Nínú ìwádìí ńlá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gúrèjé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Ìbàdàn ṣe ní ọdún 2003 sí 2004 láàárín àwọn ẹni ọdún 65 sókè ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí a ti ń sọ Yorùbá, tí Ọ̀ṣun wà lára wọn, nǹkan bí ènìyàn méje nínú ọgọ́rùn-ún ni àìsàn yìí ti ṣe láàárín ọdún kan péré. Ó ní ìtọ́jú, kì í ṣe àdúrà nìkan ni ẹ ó fi dá a dúró.

Bí kò bá sí ìyẹn, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí Bàbá so ìrìn mọ́ ohun tí wọn kì í pa jẹ. Peter Gollwitzer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, fi hàn pé ẹni tó bá sọ ìgbà àti ibi tí òun yóò ti ṣe nǹkan máa ń ṣe é ju ẹni tó kàn sọ pé òun fẹ́ ṣe é lọ. "Bí mo bá ti kírun Àsùbá tán, ọ̀nà jíjìn ni màá gbà wálé" sàn ju "màá máa rìn" lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà ọdún 2020, béèrè fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, pẹ̀lú eré tó ń fún iṣan lágbára ní ọjọ́ méjì àti èyí tó ń ran ìdúró lọ́wọ́ ní ọjọ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n ibẹ̀ la ó bá a dé, a kò ní ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n máa dìde lórí àga ní ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ láìfi ọwọ́ tì í, nígbà tí wọ́n bá ń dúró de oúnjẹ alẹ́. Orúnkún yóò dúpẹ́ fún èyí ju fún ìrìn gan-an lọ.

Ọjọ́ kan yóò sì wà tí wọn kò ní lọ. Òjò, àìsàn, òkú ìbátan, àárẹ̀ inú Rámádánì. Ìwádìí kan tí àwọn olùwádìí ní London tẹ̀ jáde ní ọdún 2010 rí i pé, ní ìpíndọ́gba, ọjọ́ 66 ni ó gbà kí ohun tuntun tó di bárakú, ó yá fún ẹlòmíràn ní ọjọ́ 18, ó sì tó 254 fún ẹlòmíràn, àti pé pípa ọjọ́ kan jẹ kò ba nǹkan kan jẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n wádìí, ẹ má ṣe retí pé kí ti Bàbá yá ju ìyẹn. Ọjọ́ 42 ni ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kò tíì di bárakú rárá nígbà tí Àlàájì lọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó bá Bàbá sọ ọ̀rọ̀ ìrìn kankan, ẹ bá wọn pe Àlàájì ní Èkó lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, kí ẹ sì kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá àgbà kan ní mọ́sáláṣí wọn tí ilé rẹ̀ wà ní ọ̀nà jíjìn yẹn, ẹni tí àwọn méjèèjì yóò lè jọ máa jiyàn lórí ohun tí ìjọba ń ṣe. Ẹ kọ̀wé sí mi ní ìparí oṣù kejì. Ẹ má ka iye ìṣísẹ̀ fún mi. Ohun tí wọ́n wí nígbà tí wọ́n wọlé ni mo fẹ́ gbọ́.